Ilé bọ́ọ̀lù tó o fẹ́ ṣí n'Íléṣà, gbọ́ tèmi kó o tó san owó ṣọ́ọ̀bù

Àbúrò tó ní òun ti kó àjọ, ₦1.2 mílíọ̀nù, tó fẹ́ fi ṣí ilé bọ́ọ̀lù (ibi téèyàn ti ń sanwó wo máàṣì lórí tífí) sí ìtòsí University of Ilesa, tó ń béèrè bóyá owó wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Àbúrò, owó wà ńbẹ̀. Mo ṣe é fún bí ọdún mẹ́fà n'Ífẹ̀ níbí, lápá Lagere, mo sì ti jáwọ́, torí náà kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kó o wá bá mi pín kọ́sítọ́mà. O ní àwọn ọ̀rẹ́ ẹ sọ fún ẹ pé bọ́ọ̀lù ò lè kú ní Nàìjíríà láéláé. Òótọ́ ni, kò lè kú. Onílé bọ́ọ̀lù ló ń kú.

Ọdún 2018 ni mo bẹ̀rẹ̀, ìgbà World Cup tí wọ́n gbá ní Russia. Mo gba ṣọ́ọ̀bù méjì, a wó ògiri àárín ẹ̀, mo ra tífí ńlá kan tuntun àti àlòkù kan, káfíńtà kan bá mi kan bẹ́ǹṣì méjìlá àti bọ́ọ̀dù dúdú kan tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ máàṣì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí tí màá sì gbé e síta lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí a gbá pẹ̀lú Iceland, June 22, tí Ahmed Musa gbá méjèèjì wọlé, àwọn èèyàn dúró sórí búlọ́ọ̀kù níta, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé, mo sì gba owó lọ́wọ́ wọn náà, ṣé o mọ̀ pé owó ò mọ fèrèsé yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ ni ti Argentina, agogo méje alẹ́. Victor Moses ti fi pẹ́náritì san ti Messi padà, 1-1 la wà, gbogbo ilé ti ń kọrin, àfi bó ṣe di ìṣẹ́jú 86 tí Marcos Rojo gbá tiẹ̀ wọlé. Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. Jẹnẹrétọ̀ mi tó wà lẹ́yìn ilé nìkan ló ń dún.

Ṣùgbọ́n àpótí owó mi kún lálẹ́ yẹn, ibẹ̀ lojú mi wà. Ìyàwó mi ní ká rọra, ká wò ó títí líìgì máa fi bẹ̀rẹ̀, mo ní kí ló mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Mo lọ bá baba onílé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ọjọ́ òjò wọn odò.

Torí náà nígbà tó o sọ pé o lọ wo ilé bọ́ọ̀lù kan n'Íléṣà ní Sunday, o rí i pé kò síbi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí, mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Padà lọ síbẹ̀ ní Túsìdeè tí ò sí Champions League. Lọ síbẹ̀ ní July, tí líìgì gbogbo ti lọ sinmi, tó jẹ́ pé onílé bọ́ọ̀lù ti gbé àga síta ó ń gba atẹ́gùn. Líìgì máa sinmi láti ìparí May títí wọ August, owó ṣọ́ọ̀bù ò sinmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ₦50 là ń gbà, ₦100 tó bá jẹ́ máàṣì ńlá, èèyàn 70 tó bá wọlé, ₦7,000 nìyẹn, epo sì wà ní ₦145 lítà kan. Ó dùn ún gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó lóṣù ni máàṣì ńlá? Ìgbà tí mo wá jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé (ọdún kẹta ni mo tó kọ ọ́, ìtìjú ni) mo rí i pé bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló ń bọ́ ọjọ́ ogún tó kù lóṣù.

Ẹ jẹ́ ká fi Kòrónà sílẹ̀. March 13, 2020 ni Premier League dúró, June 17 ni wọ́n padà, gbogbo ayé ló jìyà ẹ̀. Èyí tó fẹ́ẹ̀ pa mí ni 2022. February 14 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún ìjọba, a ní kò burú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á kọjá. October 14 ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ẹni tí ò bá gbé Ifẹ̀ lọ́dún yẹn ò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Àdúgbò àwọn sítúdẹ́ǹtì bí Asherifa tó jẹ́ pé o ní láti bẹ ẹ̀bẹ̀ kó o tó rí yàrá gbà, wọ́n ti lọ sílé, ewúrẹ́ ló ń sùn lẹ́nu géètì. Oníbúrẹ́dì, oníndómì, onífọtokọ́pì, àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé wọn, gbogbo wa ń wo ara wa. Mo máa gbé bọ́ọ̀dù síta, màá kọ Liverpool àti City sí i gàdàgbà, èèyàn mẹ́jọ á wọlé, mẹ́ta nínú wọn á ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo máa fún yín lọ́la." Ìwọ ọmọ òṣómàáló ni, bóyá ìwọ á lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí owó ẹ á fi jáde, èmi ò lè ṣe é, ọ̀rọ̀ ₦100.

Ohun tó bọ́ wa láwọn oṣù yẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù, fóònù ni. Àdúgbò wa ò ní iná fún ọjọ́ mọ́kànlá, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo tan jẹnẹrétọ̀ fún máàṣì, ìyá oníṣu sísun tó wà lódìkejì wa gbé fóònù ẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì wá, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun fi síná. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọmọ ẹ̀ méjì wá pẹ̀lú tiwọn. Ni mo bá kan pákó gbọọrọ kan mọ́ ògiri, mo to ẹkisitẹ́ńṣọ̀n mẹ́rin sórí ẹ̀, mo gé páálí wẹ́wẹ́, mo kọ nọ́ńbà sí i ní méjì-méjì, ìkan á wà lára fóònù, ìkan á wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ₦100 fóònù, ₦150 páwà báǹkì. Alẹ́ kan wà tí mo ka fóònù 38. Iye àwọn tó sanwó bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò pé mẹ́wàá. Àwọn tó gbé fóònù wá náà tún jókòó wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò lé wọn, ibo ni wọ́n tún máa lọ nínú òkùnkùn, wọ́n sì ń ra omi tútù.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ibi tó o fẹ́ fi í sí. Tó bá jẹ́ sítúdẹ́ǹtì lo gbójú lé, lọ béèrè kàlẹ́ńdà ilé ìwé wọn kó o tó béèrè owó ṣọ́ọ̀bù, wo iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń lò nílé lọ́dún, ká tiẹ̀ má tíì sọ ti ìdáṣẹ́sílẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀nà Ẹrẹ́jà ni mo máa wá ibi sí, tàbí ibikíbi tí mẹkáníìkì àti ọlọ́kadà bá pọ̀ sí, àwọn yẹn ò lọ họ́lídè kankan.

Ọ̀rọ̀ káàdì ilé tó o sọ yẹn, pé wàá kàn gbé dìkódà tó wà ní pálọ̀ yín lọ síbẹ̀. Háà! Ti ilé lọ́tọ̀, ti ìṣòwò lọ́tọ̀, owó ti ìṣòwò wọ́n, ohun tó fà á nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń jí i ṣe. Èmi náà jí i ṣe, orúkọ ìyàwó mi ló wà lórí ẹ̀. Ní Sunday kan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọlé, wọ́n múra dáadáa, mo tiẹ̀ rò pé ṣe ni wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n sanwó, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, ọkùnrin yẹn ń bá wọn jiyàn ọ́fúsáìdì bí ẹni pé àdúgbò wa ni wọ́n ti bí i. Ó di háàfù táìmù, obìnrin yẹn rọra sún mọ́ mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí nọ́ńbà tó wà nídìí dìkódà yín." Mo rò pé ó fẹ́ bá mi sanwó dìkódà ni, mo tan tọ́ọ̀ṣì fún un! Nígbà tó máa fi mú káàdì ìdánimọ̀ kọ́ńpìnì dìkódà jáde nínú báàgì, ẹnì kejì ẹ̀ ti wà níta, ó ń ya fọ́tò bọ́ọ̀dù mi, níbi tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé Chelsea àti Arsenal, ₦100. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Kí háàfù kejì tó bẹ̀rẹ̀, tífí ti ṣú. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì kankan, èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ilé kún fọ́fọ́, gbogbo wọn dìde, wọ́n ní kí n dá owó wọn padà, àwọn tí ò sanwó rárá gan-an gba tiwọn. Bẹ́ǹṣì méjì ló kán lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ san ti ìṣòwò, kó o sì mọ iye tó jẹ́ lóṣù mẹ́fà kó o tó ra pákó kankan. Kó o tún fi sọ́kàn pé ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù hàn lórí tífí ń kúrò lọ́wọ́ kọ́ńpìnì kan bọ́ sọ́wọ́ òmíì. HiTV ló gba Premier League ní 2007, àwọn èèyàn ra dìkódà wọn nítorí ẹ̀, nígbà tó di 2010 ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ní ti kọ́sítọ́mà, wàá rí i pé ìdajì wọn ò wo bọ́ọ̀lù, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń wò. Ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn, á tẹjú mọ́ fóònù, ṣàdédé lá fò sókè, "Ó ti wọlé o!", bẹ́ẹ̀ lórí tífí tiwa, gólì ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Fóònù ti sọ fún un kí dìkódà tó gbé e dé. Ìjà tí mo ti là nítorí ẹ̀ ò níye, mo wá kọ ọ́ sára ògiri pé ẹni tó bá kígbe ṣáájú tífí á jáde, owó ẹ̀ ò sì ní padà. Ìyẹn ló mú àlàáfíà wá díẹ̀.

May 29, 2023, Tinubu ní sọbusídì epo ti lọ, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lítà tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 ti lé ní ₦500. Mo gbé owó wíwọlé sí ₦200. Àwọn ọmọ ní ₦200 kẹ̀, àwọn á fi ra dátà. Lóòótọ́, wàá rí wọn, ọmọ márùn-ún á ká fóònù kan mọ́ inú yàrá, àwòrán á máa dúró, á máa yí róbótó, inú wọn ṣì dùn. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí owó ìpè àti dátà gòkè tó 50%, mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń padà sí bẹ́ǹṣì, ìyẹn lè ṣe ẹ́ lóore, mi ò lè tàn ẹ́.

Èmi ti lọ nígbà yẹn. Alẹ́ ìkẹyìn mi ni AFCON, February 11, 2024, àwa àti Côte d'Ivoire. Ilé kún bíi ti 2018, àwọn èèyàn tún wà lójú fèrèsé. Wọ́n nà wá 2-1. Ọmọkùnrin kan wà ńbẹ̀ lálẹ́ yẹn, ó ń wo èrò, kò wo tífí, mo mọ ojú yẹn, ojú tèmi ni. Ó bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé ó ti ra tífí méjèèjì, jẹnẹrétọ̀ àti ẹkisitẹ́ńṣọ̀n lọ́wọ́ mi. Ó béèrè bóyá ọjà ń lọ, mo ní "ìwọ náà ò rí èrò ni?" Mi ò sọ ti oṣù mẹ́jọ fún un, mi ò sọ ti July, mi ò sọ ti àwọn méjì tó wá wo bọ́ọ̀lù. Ó kó nǹkan kúrò níbẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Tí mo bá pàdé ẹ̀ ní Sábó, ó máa ń kí mi dáadáa, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Tó o bá gbọ́ gbogbo èyí tó o ṣì fẹ́ ṣe é, san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan péré, fi pákó fóònù ṣáájú tífí, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ sólà ni wàá fi máa fún wọn níná kí epo má bàa jẹ gbogbo ẹ̀. Bẹ́ǹṣì mẹ́fà ṣì wà lẹ́yìn ilé mi tí ọmọ yẹn ò kó, méjì nínú ẹ̀ ni mo tún ẹsẹ̀ wọn ṣe. Gbé mọ́tò wá láti Iléṣà, wá kó wọn, mi ò gba kọ́bọ̀. Bọ́ọ̀dù nìkan ni mi ò lè fún ẹ, ọmọ mi obìnrin ló ń fi kọ́ ABD báyìí.