Ṣé àyè ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kíláàbù ńlá ni ife àwọn kíláàbù kéékèèké?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kíláàbù tí mò ń tì lẹ́yìn níbí ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní League Two. Ọdọọdún ni wọ́n ń pín wa mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 láti kíláàbù ńlá kan nínú ìdíje EFL Trophy. Àwa alátìlẹ́yìn fẹ́ dìbò láìpẹ́ lórí bóyá kí á má lọ wo irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti ní kí n sọ̀rọ̀ ní ìpàdé náà. Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni, àwọn mìíràn ní owó ń wọlé níbẹ̀. Ṣé àyè àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ife yìí lóòótọ́? Kí ni kí n sì wí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: lójú tèmi, àyè wọn kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù jẹun, nítorí náà ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè kórìíra kí ọmọ rí ibi gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, bí ẹ bá sì gbé e lọ sí ìpàdé, ẹni tó mọ ìtàn ìdíje náà yóò já yín ní koro.

Láti sáà 1983 sí 1984 ni ife yìí ti jẹ́ ti àwọn kíláàbù ìpele kẹta àti ìkẹrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí à ń pè ní League One àti League Two lónìí. Láti 1985 ni wọ́n ti ń gbá àṣekágbá rẹ̀ ní Wembley, yàtọ̀ sí àwọn ọdún tí wọ́n fi ń tún pápá náà kọ́, ohun tó sì mú kí ife náà níye lórí nìyẹn, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ kíláàbù kékeré, ó wà lára àwọn ọ̀nà díẹ̀ tó ṣeé fọkàn sí tí wọ́n lè gbà dé ibẹ̀. Àlejò pàápàá kì í ṣe ohun tuntun nínú rẹ̀, torí pé láàárín 2000 sí 2006, wọ́n gba àwọn kíláàbù Conference, tó wà ní ìpele karùn-ún, láàyè láti kópa. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bínú sí wọn. Kíláàbù tó dá dúró ni wọ́n, wọ́n ní alátìlẹ́yìn tiwọn, wọ́n sì lè gòkè wá di aládùúgbò yín nínú líìgì.

Ní 2016 ni EFL, àjọ tó ń darí ìdíje náà, ké sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ 16 láti ọ̀dọ̀ àwọn kíláàbù tí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn wà ní ipò kìn-ín-ní. Wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ kíláàbù 48 tó ni ife, wọ́n pín gbogbo wọn sí ìsọ̀rí ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì fi ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn méjì bá gbá ọ̀mì, wọn a gbá pẹnáríìtì kí ẹnì kan lè gba àmì kan lé. Manchester United àti Liverpool wà lára àwọn tó kọ ìpè náà ní ọdún àkọ́kọ́, tí EFL fi ní láti fi ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àwọn kíláàbù kan láti Championship, ìyẹn ìpele kejì, dí àlàfo wọn. Bí wọ́n bá se àsè nítorí àlejò kan, tí àlejò náà ò sì wá, ó yẹ kí wọ́n tún èrò pa.

Ìbínú àwọn alátìlẹ́yìn ní gbòǹgbò tó ti wà ṣáájú ọdún yẹn. Ní 2014, ìgbìmọ̀ tí Greg Dyke, alága FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà, léwájú rẹ̀ dá a lábàá pé kí wọ́n dá League Three sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ kejì àwọn kíláàbù ńlá lè máa gbá líìgì pẹ̀lú àwọn kéékèèké. Àwọn kíláàbù kéékèèké fárígá, àbá náà sì kú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wá yọ nínú ife ní ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n fẹ́ gbà wọ líìgì. Títí di ìsinsìnyí wọn kò tíì wọ líìgì náà. Nítorí náà, ìbẹ̀rù yẹn nìkan kò tó gbé dúró níwájú ìpàdé.

Bí ẹnì kan bá dìde pé Sípéènì àti Jámánì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a dúró, nítorí òdìkejì gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ní 1980, Castilla, ẹgbẹ́ kejì Real Madrid, gbá bọ́ọ̀lù dé àṣekágbá Copa del Rey, ife àpapọ̀ ilẹ̀ Sípéènì, ta ni wọ́n sì bá níbẹ̀ bí kò ṣe Real Madrid fúnra wọn! Bàbá na ọmọ ní 6 sí 1. Nítorí pé bàbá ti gba líìgì, ọmọ ló lọ sí ìdíje Cup Winners' Cup ti Yúróòpù, níbi tí West Ham ti lé e dànù. Láti sáà 1990 sí 1991 ni Sípéènì ti fòfin de ẹgbẹ́ kejì nínú ife náà. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ kejì Hertha Berlin dé àṣekágbá ní 1993 kí Bayer Leverkusen tó borí wọn ní 1 sí 0, àwọn náà sì ti ìlẹ̀kùn ife wọn ní 2008. Ní ilẹ̀ méjèèjì, ẹgbẹ́ kejì lè gbá líìgì bí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè láti ìsàlẹ̀, bí kò bá ṣáà ti bá òbí rẹ̀ wà ní ìpele kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ti líìgì pa, ó wá ṣí ife sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má gbára lé ẹ̀rí yìí jù. Ohun tó yẹ kí Sípéènì bẹ̀rù ni pé bàbá àti ọmọ lè pàdé, ìyẹn kò sì lè ṣẹlẹ̀ nínú EFL Trophy, nítorí pé bàbá kò sí níbẹ̀. Ní Ítálì, ẹgbẹ́ kejì Juventus wọ Serie C, líìgì ìpele kẹta wọn, ní 2018, ó sì gba ife Serie C ní 2020 nígbà tó na Ternana ní 2 sí 1. Ẹ̀tọ́ wọn ni, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ ń du ife náà ni wọ́n jọ ń gbá líìgì láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ìdí tó lágbára lójú tèmi ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n ké sí yìí kì í du ife nítorí ife. Ìdánrawò ni. Bí ó bá pàdánù, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lọ sílé, bí ó bá sì borí, àyè kíláàbù kan tí inú àwọn ènìyàn rẹ̀ ìbá dùn ló gbà. Ọ̀rọ̀ náà sì gbé òfin tó takora jáde. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, EFL pàṣẹ pé ó kéré tán, márùn-ún nínú àwọn tí kíláàbù bá fi bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó ẹgbẹ́ àgbà rẹ̀. Luton fi àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ fúnra wọn gbá a, wọ́n bu owó ìtanràn 15,000 pọ́ùn lé wọn, iye kan náà ni Portsmouth sì san. Ẹ rò ó wò: nínú ìdíje tí wọ́n ti ké sí kíláàbù ọlọ́rọ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń fìyà jẹ kíláàbù aláìní nítorí pé ó fi ọ̀dọ́ tirẹ̀ gbá a. Bradford ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ́lé wọn, Colin Doyle, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Bury, wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n lè ní àwọn ti pa òfin mọ́. Lẹ́yìn náà ni EFL dẹ òfin náà díẹ̀.

Àǹfààní tí àwọn ọmọ ń rí níbẹ̀, n kò lè sẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún 18 tí àgbàlagbà adènà kan fi èjìká gbá lẹ́ẹ̀kan yóò kọ́ ohun tí n kò lè fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀nà àtirí ẹ̀kọ́ yẹn ti wà tẹ́lẹ̀. Ademola Lookman kò gba ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kíláàbù ńlá kankan kọjá kó tó gbóná: Charlton ló mú un láti Waterloo, kíláàbù ọ̀dọ́ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó gbá League One pẹ̀lú wọn, Everton sì wá rà á ní oṣù kìn-ín-ní 2017. Àgbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ni wọ́n fi í ṣe ní 2024. Kíláàbù kékeré ló jẹ èrè ìtọ́jú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Kíláàbù ńlá tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ le lè yá League Two ní ọmọ náà fún sáà kan.

Ọ̀rọ̀ owó náà kì í ṣe irọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, 10,000 pọ́ùn ni kíláàbù ń gbà fún ìborí kọ̀ọ̀kan nínú ìsọ̀rí, àwọn kíláàbù League One àti Two fúnra wọn ló sì dìbò pé kí ó máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ife náà kò kú: ènìyàn 85,021 ló wo àṣekágbá Portsmouth àti Sunderland ní 2019. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó tíì súnmọ́ àṣekágbá jù ni ti Chelsea ní 2018, Lincoln sì fi pẹnáríìtì lé wọn sílé ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá.

Nítorí náà, bí mo bá wà ní ipò yín, n kò ní dìbò pé kí á pa gbogbo ìdíje náà tì. Ẹ fi ìyọwọ́ náà mọ sórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹ bá ń bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ gbá nílé nìkan, kí ẹ sì kún pápá ní ọjọ́ tí kíláàbù bíi tiyín bá wá, kí ó má baà di pé kíláàbù yín ló ń jìyà ohun tí kò nìkan pinnu. Kí ìpàdé náà tó parí, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn olùdarí kíláàbù yín, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n dìbò sí, iye tí ó wọlé láti inú ìdíje náà, àti bóyá wọn yóò gbè yín lẹ́yìn lórí ohun méjì: kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ máa parí tiwọn sí ìsọ̀rí, àti kí EFL má tún bu owó ìtanràn lé kíláàbù kankan nítorí pé ó lo ọ̀dọ́ tirẹ̀. Mo rò pé ọ̀pọ̀ olùdarí yóò gba ìkejì láìjanpata. Ìkíní ni yóò fi hàn yín bí owó náà ti wọ̀ wọ́n lára tó.