Ṣé Tíì Ìfọkùn Lè Yọ́ Ọ̀rá Ikùn Akẹ́kọ̀ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọdún kejì ni mí ní yunifásítì kan ní Ìkòròdú. Kílò 58 ni mí nígbà tí mo wọlé, mo ti di 66 báyìí, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.65. Ẹnì kan tó ń ta tíì ní Sábó sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni tíì náà yóò fi fọ gbogbo ọ̀rá ikùn mi dànù. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kúkú má jẹun alẹ́ mọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí a tó dé orí tíì, o kò tíì sí lára àwọn tó sanra jù. Bí a bá sọ gíga rẹ di ìlọ́po ara rẹ̀ (1.65 × 1.65), tí a wá fi pín kílò rẹ, 24.2 ni a ó rí. Láti 25 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń ka ènìyàn mọ́ ẹni tó wúwo jù, láti 30 sì ni ìsanrajù gan-an. Síbẹ̀, kílò mẹ́jọ kì í ṣe kékeré, òṣùwọ̀n kò sì lè sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rá àti èyí tó jẹ́ iṣan nínú wọn. Yá tépù lọ́wọ́ télọ̀, kí o wọn ikùn rẹ láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí. Bí ó bá ju ìdajì gíga rẹ lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 82 àbọ̀, ọ̀rá ti ń kó síbẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ tíì yìí ti sú mi. Ewé sẹ́nà, oògùn ìyàgbẹ́, ló wà nínú púpọ̀ wọn, ìfun ńlá ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba ṣúgà àti ọ̀rá inú oúnjẹ; ẹ̀bà tí o jẹ ti wọ ara lọ kí sẹ́nà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rá ikùn kò tilẹ̀ sí nínú ìfun: abẹ́ awọ àti àyíká àwọn ẹ̀yà inú ló wà, níbi tí tíì kankan kò lè dé láti fọ̀ ọ́. Kílò kan tàbí méjì tí òṣùwọ̀n bá fi dínkù, omi àti ìgbẹ́ ni, yóò sì padà bí o bá ti jẹ, tí o mu. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ lè pàdánù potásíọ́mù, èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé. Wọ́n ti bá sibutramine, oògùn tí wọ́n kó kúrò lọ́jà Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí ìpalára rẹ̀ fún ọkàn, nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Má sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC tàn ọ́: ka ara páálí, ó ṣeé ṣe kí o bá a níbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtajà ń sọ wò.

Oúnjẹ alẹ́ ńkọ́? Jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń febi pa ara rẹ̀ ń pàdánù iṣan mọ́ ọ̀rá. Indomie méjì láago mọ́kànlá òru, gàrí tí ṣúgà rẹ̀ ju ẹ̀pà lọ, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí ṣúgà inú ìgò 50 cl rẹ̀ lè tó kóró mẹ́wàá, ni kí o gbájú mọ́ dídínkù. Dín ẹ̀bà kù, fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja àti ẹ̀fọ́ kún un, kí o sì fẹsẹ̀ rìn láti géètì dé kíláàsì dípò kẹ̀kẹ́.

N kò tíì yẹ̀ ọ́ wò o, nítorí náà èyí kò lè rọ́pò dókítà. Bí nǹkan oṣù rẹ bá ń ségesège, tàbí tí o ń gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí, kọ́kọ́ lọ sílé ìwòsàn. Bí o bá sì ti ra tíì náà, má mu ún, mú páálí rẹ̀ dání lọ fi han dókítà.