Ẹ Bi Wá Nípa Kọ̀ǹpútà: Windows Tó Ń Falẹ̀ àti Dátà Tó Ń Jò

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù mi ń lo Windows 11, RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, hard disk àtijọ́ tó ń yí ló sì wà nínú rẹ̀. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ gan-an kí n tó lè ṣí ohunkóhun. Wọ́n ní kí n gbé áàpù tó ń fọ kọ̀ǹpútà sí i. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ irú áàpù bẹ́ẹ̀ fúnra wọn máa ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún wá dá kún wàhálà tí ẹ ń sá fún. Ohun tí ẹ nílò ti wà nínú Windows.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀. Task Manager á ṣí. Ẹ lọ sí Startup apps. Gbogbo áàpù tó ń jí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ Startup impact, àwọn tí wọ́n kọ High sí ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ: áàpù orin, áàpù ìpàdé orí fídíò àti irú wọn. Ẹ tẹ ọ̀kan, kí ẹ yan Disable. Ẹ ò pa á rẹ́ o. Yóò ṣí nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Àmọ́ ti antivirus, ti touchpad àti ti ohùn, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan Restart, kì í ṣe Shut down. Fast startup, ètò tó ń mú kí Windows tètè tàn, ló fà á: bí ó bá wà ní On, tí ẹ sì yan Shut down, Windows á tọ́jú apá kan ara rẹ̀ sórí disk, òun náà ló sì máa gbé padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti àléébù àná. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ wá ṣí Performance nínú Task Manager yẹn kan náà. Bí Disk bá dúró sí 100% fún ìgbà pípẹ́, tí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti Memory (RAM) kò sì kún, hard disk yẹn gan-an ló ń dá yín dúró. Bí ẹ bá ń ronú àtira RAM kún un, SSD, ìyẹn disk ìgbàlódé tí kì í yí, ni kí ẹ fi owó náà ra. Kò sí àtúnṣe tí a mọ̀ tó ń sọ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ di ọ̀tun tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó fáìlì yín síbòmíràn kí wọ́n tó tú u.

Ìbéèrè: Disk C ti kún. Kí ni mo lè pa rẹ́? (Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ lọ sí Settings, System, Storage, kí ẹ ṣí Temporary files. Kí ẹ tó tẹ Remove files, ẹ yẹ Downloads wò dáadáa: ó wà láàárín àwọn yòókù, ohun tí ẹ bá sì pa rẹ́ níbí kì í gba Recycle Bin, ibi tí ẹ ti lè gba fáìlì tí ẹ pa rẹ́ padà, kọjá. Rìsíìtì àti fọ́ọ̀mù tí ẹ ti dáńlóòdù á bá a lọ.

Ìbéèrè: Fóònù ni mo fi ń pín dátà fún kọ̀ǹpútà. Mo sùn, mo jí, dátà ti tán. (Òṣogbo)

Ìdáhùn: Windows Update ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, kí ẹ tẹ properties tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fóònù yín, kí ẹ sún Metered connection sí On. Ọ̀pọ̀ update kò ní wọlé láìgba àṣẹ mọ́. Orí Wi-Fi tí ẹ ti sún un sí On nìkan ni ètò yìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù, ẹ tún un ṣe. Àmọ́ ẹ má pa update tì pátápátá, torí òun ló ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Ẹ ṣe é nígbà tí dátà bá pọ̀, tí bátìrì sì kún: bí iná bá lọ láàárín update, Windows lè bàjẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ? (Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Settings, Time & language, Language & region, Add a language, kí ẹ wá Yoruba. Bí ẹ bá rí àmì nínú Set as my Windows display language, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bọ́tìnnì Windows àti Space ni ẹ ó máa fi pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù; bọ́tìnnì Windows, Ctrl àti O á gbé àwòrán kíbọ́ọ̀dù jáde kí ẹ rí ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà. Bí Windows bá wá ń sọ pé password yín kò tọ̀nà láàárọ̀, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ló ṣì wà níbẹ̀.