Ẹ Gé Irin Yẹn, Kí Tánkì Gíga Lè Wọlé

Ìbéèrè Ònkàwé: Láti Ìdí Ẹ́ńjìnnì, ní Àjàṣẹ́

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò ìdárayá kékeré kan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń tún ṣe níbí, oníjòkòó méjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2, ṣílíńdà mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti nọ́ọ̀kì mọ́ wa lọ́wọ́, orí kọ́nà gígùn tí a fi eré gbà ló sì ti ṣẹlẹ̀ nígbà méjèèjì. Wọ́n ní ká fi dry sump sí i, ìyẹn ètò tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fi ń wà nínú tánkì lọ́tọ̀. Pọ́ǹpù ti dé láti Faransé, ó ku tánkì. Ọ̀kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 12, ó wọ ẹ̀yìn ìjókòó wẹ́kú. Èkejì jẹ́ 17 ní fífẹ̀, 42 ní gíga, kò sì síbi tó lè wọ̀ àfi ká gé irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wẹ́dà àdúgbò wa tún ní òun lè fi àgbá irin apaná ṣe é fún wa ní owó pọ́ọ́kú. Èwo ni ká mú? Báwo la sì ṣe máa dè é?*
*Ọmọ Alákétu, Kétu*

Ẹ gé irin yẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Tánkì gíga ni kí ẹ gbé. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kó yé yín dénú, torí ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, ọlọ́jà kan kò lè yí i lọ́kàn padà.

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí lórí ọ̀sà wa níbí, ẹ ó ti rí ẹni tó ń fi igbá gbọ́n omi inú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró déédéé, igbá ń bu omi. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ fì sápá kan báyìí, gbogbo omi á ya lọ síbẹ̀, igbá á sì máa họ pákó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbada ọ́ìlì ìdí ẹ́ńjìnnì yín nìyẹn. Kọ́nà gígùn ń ti ọ́ìlì sápá kan, ẹnu pọ́ǹpù ń mu afẹ́fẹ́, gééjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì ń wálẹ̀, irin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbá irin. Kò gbà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ kí bíárìn, ibi tí kírááńkì (ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì) ti ń yí, tó run. Torí náà, ẹ má dá ara yín lẹ́bi, kì í ṣe ọwọ́ yín ló burú nígbà tí ẹ tò ó.

Dry sump, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní carter sec, kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì rárá. Pọ́ǹpù tí bẹ́líìtì ń yí níta máa ń ní yàrá bíi mẹ́ta. Méjì ń fa ọ́ìlì tó bá kán sínú agbada pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀, wọ́n ń tì í lọ sí tánkì. Ẹ̀kẹta ń gbà á láti ìdí tánkì, ó ń tì í padà sára bíárìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìkòkò ìpamọ́ lásán ni tánkì. Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kó yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ́ìlì. Ẹ ṣáà rò ó: yàrá méjì ń fà, ọ̀kan ṣoṣo ń tì. Ohun tí wọ́n lè fà ju ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ sì ni wọ́n fi ń dí i. Ọ́ìlì tó bá ń padà dé tánkì máa ń hó bí ẹmu àárọ̀ tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀. Ìfófó kò sì lè gbé kírááńkì dúró. Bó bá ti ìdí tánkì wọ pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, owó tí ẹ ná ti ṣòfò, nọ́ọ̀kì kan náà ni yóò tún bá yín.

Onímu tó mọṣẹ́ kì í dúró lókè da ẹmu sí àárín igbá. Ẹ̀gbẹ́ igbá ló ń dà á gbà, kó lè rọra yí wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tánkì tó dára ṣe ń ṣe. Ẹnu tí ọ́ìlì ń gbà wọlé wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kọjú sí ẹ̀bá ògiri, kó lè máa yí kiri bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ọ́ìlì tó wúwo á lẹ̀ mọ́ ògiri, afẹ́fẹ́ á kóra jọ sáàárín, á gòkè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ti ìka bọ ẹnu yẹn. Bí ìka yín bá ń ra ògiri lọ láti ibẹ̀, ó dáa. Bó bá bọ́ tààrà sí gbangba àárín, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tàn tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí awo irin onihò kan tàbí méjì dábùú inú rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí ọ́ìlì fò sókè.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò gbè é. Bí mọ́tò bá gba kọ́nà débi pé agbára tó ń tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ìwúwo ara yín dọ́gba, ojú ọ́ìlì inú tánkì á dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì 45. Táyà tó dára lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ da lítà 4 sínú tánkì fífẹ̀ yẹn, jíjìn ọ́ìlì náà kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Lórí kọ́nà yẹn, ọ́ìlì fẹ́ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 àtààbọ̀ lápá kan. Níbo ni yóò ti rí i? Ìdí tánkì á gbẹ lápá yẹn, lápá kejì ọ́ìlì á ti kan ọmọrí, á máa wá ihò èémí gbà jáde. Ẹ wá da lítà 6 àti díẹ̀ sínú èyí tó ga, jíjìn rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 28. Kọ́nà kan náà kò lè mú ju 8 àtààbọ̀ lọ lápá kan, sẹ̀ǹtímítà 19 ṣì wà lórí ẹnu tí pọ́ǹpù ti ń mu. Tánkì náà gba lítà 9 àtààbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kún un. Ìdá kan nínú mẹ́ta lókè, ti afẹ́fẹ́ ni.

Ní ti àgbá apaná: ẹ bá mi kí wẹ́dà yín, ẹ sọ fún un pé rárá. Inú àgbá irin máa ń ní ọ̀dà tàbí ìpẹtà, ooru ọ́ìlì á sì bó o díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọ pọ́ǹpù. Bó bá mọ alumíníọ́ọ̀mù jó dáadáa, kí ó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọmọrí tó ṣeé tú, kí ẹ lè rí inú rẹ̀ fọ̀.

Ó kan ibi tí yóò dúró. Ẹ̀yìn ìjókòó tí ẹ sọ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbóná ju omi híhó lọ, kò sì yẹ kó wà lẹ́yìn orí èèyàn láìsí ògiri irin láàárín. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítòsí pọ́ǹpù, kí ìdí rẹ̀ ga ju ẹnu pọ́ǹpù lọ díẹ̀, kí ọ́ìlì lè máa ṣàn wá fúnra rẹ̀. Ẹ mú un jìnnà sí páìpù èéfín. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí irin pẹlẹbẹ kan dá ooru dúró láàárín wọn. Ẹ má jó etí mọ́ ara tánkì kí ẹ fi bóòtì dè é. Bí ẹ bá ti gbé e láti Kétu dé Pobè, kí ẹ tó gba Sákété wá bá mi níbí, gbọ̀ngbọ̀n ọ̀nà á ti la etí náà ní ìdí. Bẹ́líìtì irin méjì ni kí ẹ fi gbá a mọ́ra, kí rọ́bà wà lábẹ́ bẹ́líìtì, kí rọ́bà mìíràn sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.

Họ́ọ̀sì tó ti ìdí tánkì lọ sí pọ́ǹpù ni mo máa ń yẹ̀ wò jù lọ. Kí ó kúrú, kí ó tóbi. Ìwọ̀n họ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Dash 16, tí inú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 22, ló wù mí níbẹ̀. Kó jẹ́ irú èyí tó ní wáyà lára, torí fífà ni pọ́ǹpù ń fà á: họ́ọ̀sì tó bá rọ̀ nínú ooru á pẹlẹbẹ bí ìfun, ẹ kò sì ní rí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ tó ká gbàù síbẹ̀. Ẹ má fi fíítà, ìyẹn asẹ́ ọ́ìlì, tó tín síbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀yìn pọ́ǹpù tó ń tì ni àyè fíítà wà. Asẹ́ tó fẹjú díẹ̀ ni kó wà lójú họ́ọ̀sì tó ń fà láti agbada, kí ẹ̀rún irin má bàa wọ pọ́ǹpù. Ihò èémí òkè tánkì ní tirẹ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì so ó mọ́ agolo kékeré kan tó ń gba ọ́ìlì tó bá fò jáde. Ẹ ò gbọdọ̀ dí i.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nípa lẹ́tà yín ni ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní gáràjì kan ní Faransé níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò eré-ìje ṣe. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kan tó ti nọ́ọ̀kì fún mi. Mo pààrọ̀ bíárìn, mo fọ tánkì, mo fọ gbogbo họ́ọ̀sì. Rédíétọ̀ ọ́ìlì, èyí tó ń mú ọ́ìlì tutù, nìkan ni mi ò pààrọ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ti tó. Ẹ́ńjìnnì náà kò lo ogún ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò. Nígbà tí mo fi ayùn la rédíétọ̀ náà sí méjì, mo rí ẹ̀rún irin wẹ́wẹ́ tó ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ni mọ́tò jókòó sórí táyà kan, kò sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ kò tíì kúrò níwájú mi títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ rédíétọ̀ ọ́ìlì yín nù, ẹ ra òmíràn, kódà bó máa dá iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ jí i, ẹ má kàn ta síná. Ẹ da ọ́ìlì sí tánkì, ẹ tú púlọ́ọ̀gì sílẹ̀, ẹ yọ bẹ́líìtì pọ́ǹpù, kí ẹ fi díríìlì yí pọ́ǹpù sápá tó máa ń yí sí títí gééjì yóò fi gbéra. Ìgbà náà ni kí ẹ tó dá bẹ́líìtì padà. Bó bá jí, ẹ tún wo tánkì, torí họ́ọ̀sì àti rédíétọ̀ á ti mu nínú rẹ̀. Ẹ bu kún un.

*Ẹ bá mi wò ó: ọ́ìlì tí àwọn oní-kpayo, àwọn tó ń ta epo fàyàwọ́, ń rọ sínú ìgò lẹ́bàá títì, ṣé ó burú? Òun ni ọmọ mi ń rà sí mọ́tò rẹ̀.*
*Ìyá Ìbejì, Wándò*

Ẹ kú ọjà, Ìyá Ìbejì. Ìgò tí wọ́n ti ṣí, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá tuntun ni tàbí èyí tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò ẹlòmíràn tí wọ́n sẹ́. Ẹ ní kó ra èyí tí wọ́n ṣì lẹ̀ pa, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe ki tó, bíi 15W-40, sì bá ohun tí ìwé mọ́tò rẹ̀ wí mu.

*Ọ̀gá, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì gbé Porsche 911 ọdún 1972 tí mo rà nígbà tí mo wà ní Faransé padà wálé. Láràárọ̀ tí dírẹ́bà mi bá fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, gbígbẹ ni. Ó bu lítà 2 sí i. Nígbà tó di pé a ń gòkè, èéfín búlúù bo ojú ọ̀nà, ọ́ìlì sì ti rin fíítà afẹ́fẹ́ gbingbin. Ṣé ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn?*
*Àgbà Ṣábẹ̀ẹ́*

Kò lọ, Bàbá. Ọkàn yín balẹ̀. Dry sump ni ẹ́ńjìnnì yín náà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo 911 tí afẹ́fẹ́ ń tù ṣe rí, láti 1964 títí dé 1998. Bó bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì inú tánkì máa ń jò gba àárín pọ́ǹpù wọnú ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀pá ìwọ̀n á gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì kò lọ síbì kankan. Lítà 2 tí dírẹ́bà bù kún un ló pọ̀ jù, ó gba ihò èémí wọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ó sì jóná níbẹ̀. Ẹ fa àpọ̀jù náà jáde, ẹ nu ibi tó rin, ẹ pààrọ̀ fíítà afẹ́fẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ wa mọ́tò náà títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́, ẹ má pa á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fa ọ̀pá náà yọ.

Nǹkan mìíràn tún wà lára ti 1972 yín. Ọdún yẹn nìkan ni wọ́n gbé tánkì ọ́ìlì síwájú táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, tí wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn kékeré sí i lára níta. Àwọn tó ń ta epo nígbà náà ṣì í mú, wọ́n ń rọ epo bẹntiróòlù sínú tánkì ọ́ìlì, ni wọ́n fi dá a padà sí ẹ̀yìn táyà nígbà tó di ti 1973. Ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà pé ọ́ìlì nìkan, kí ẹ sì fi ìka han dírẹ́bà àti ẹni tó ń ta epo fún yín pé iwájú, lápá òsì, ni ẹnu epo wà.