Èsì: Kí ni tíréníìn fẹ́ ṣe fún ọlọ́pàá?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Ẹ ní kí ni tíréníìn fẹ́ ṣe fún ọlọ́pàá tó ń lé obìnrin tí wọ́n lù padà sílé pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ó máa ṣe púpọ̀ ma, torí òfin wà ńlẹ̀, àwọn tó yẹ kó lò ó ni ò mọ̀ ọ́n. Láti 2015 la ti ní òfin VAPP, òfin tó ka híhu ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀, ní Àbújá níbí, ó ní kí ọlọ́pàá bá ẹni náà wá ibi tí ò ti séwu, kó ràn án lọ́wọ́ kó rí dókítà, kó sì ṣàlàyé ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Penal Code àtijọ́, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò l'Ókè Ọya, section 55 ẹ̀ gba ọkọ láàyè kó "bá ìyàwó wí" tí ò bá ti ṣe é léṣe tó le, èyí sì ni ọ̀pọ̀ wọn gbé sórí.

Mo sin aládùúgbò wa kan lọ sí sítéṣọ̀n, ètè ẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ lójú gbogbo èèyàn ní káńtà ni "kí lo ṣe fún un?" Inú bí mi gan-an! Ìbéèrè yẹn nìkan, tí wọ́n bá kọ́ wọn kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, kí wọ́n mú obìnrin náà wọ yàrá, kí wọ́n kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹjọ́ ò ní kú lọ́wọ́ wọn.

Àwọn akọ̀wé kóòtù náà ńkọ́? High Court ló ń fúnni níwèé ààbò, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù, lábẹ́ òfin VAPP, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n yéé darí àwọn obìnrin kiri.