Ẹ má tíì gé oúnjẹ màmá kù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ ní màmá yín ti pé ẹni ọdún 73, abúlé ni wọ́n ń gbé, wọ́n sanra débi pé orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n máa jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́. Ohun tí èmi náà ṣe fún màmá mi gan-an nìyẹn, tàbí kí n ní ó fara jọ ọ́. Ẹ gbọ́ ibi tó já sí.

Iṣẹ́ oko ni màmá mi fi gbogbo ayé wọn ṣe. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn dé oko mọ́, iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n abọ́ oúnjẹ ò kéré sí i. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àgbà ìgbèríko fi ń sanra nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Èmi tí mo ń gbé ìlú ńlá, tí mo rò pé mo gbọ́n, mo dé, mo gé oúnjẹ wọn sí ìdajì. Láàárín oṣù mẹ́rin, kílò 9 ti bọ́ lára wọn. Mo ń fọ́nnu kiri. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn kán.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ló là mí lóye. Bí àgbàlagbà bá ń fi ebi pa ara rẹ̀, tí kò sì lo ara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń yọ́. Iṣan tó ń gbé egungun rìn ń yọ́ mọ́ ọn. Iṣan yìí sì ti ń dín kù tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí, ó tún ń yára sí i lẹ́yìn 60 ọdún. Ènìyàn lè tóbi lójú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ní agbára kankan nínú. Mo wo màmá, ọ̀rá ni mo rí. Mi ò rí i pé láti oṣù kejì ni wọ́n ti ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde.

Nǹkan tó tún dùn mí jù: bí gbogbo wa ṣe dojú kọ màmá, bàbá ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A ní ara àgbà ni. Bẹ́líìtì wọn gba ihò tuntun méjì, a fi ṣẹ̀rín. Àṣé eyín ló ń dùn wọ́n tí wọn ò lè jẹun, nígbà tí dókítà sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àtọ̀gbẹ náà wà níbẹ̀. Bí àgbàlagbà tí kò gbìyànjú láti dín sísanra kù bá pàdánù ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Fún ẹni tó wọn kílò 60, kílò 3 péré ni.

BMI tí gbogbo ènìyàn ń pè, ìyẹn ìwọ̀n ara ní kílò tí a fi gíga ní mítà pín lẹ́ẹ̀méjì, pé 25 ti pọ̀, 30 ti di àsanrajù, ẹ má fi í ṣe ìdájọ́ nìkan. Àgbà a máa kúrú sí i bí ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀, ìyẹn á mú kí ìṣirò náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tó bá wú sí ẹsẹ̀ náà ń fi kún ohun tí ìwọ̀n ń sọ. Tí kò bá sí ìwọ̀n lábúlé, ẹ fi téèpù aránṣọ yí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ki jù ká, láàárín orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀: bó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 31, iṣan ti ń lọ nìyẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n ká ọwọ́ sáyà, kí wọ́n dìde lórí àga kí wọ́n sì jókòó lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, agbára ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ wá, ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀ ná.

Lóòótọ́, bí ìwọ̀n bá dín kù díẹ̀díẹ̀, orúnkún á fúyẹ́. Ohun tí a ṣe níkẹyìn ni pé a dín ohun dídùn àti òróró kù, a sì rí i pé ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. (Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, kó bi dókítà kó tó ṣe èyí.) Dídìde lórí àga yẹn gan-an wá di eré ìdárayá wọn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pá ni màmá fi ń rìn báyìí, wọ́n sì ti lè dá balùwẹ̀ lọ. Ìwọ̀n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ṣé màmá yín ń lo oògùn àtọ̀gbẹ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má dán jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ wò rárá, ṣúgà ara wọn lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ jẹ́ kí n mọ oògùn tí wọ́n ń lò, àti bóyá wọ́n lè dìde lórí àga láì di nǹkan mú.