Camry mi ń réèsì láìtẹ tìrótù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Camry 1999 ni mò ń wà. Bí mo bá dúró láìfẹsẹ̀ kan tìrótù, ọwọ́ RPM (tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á gòkè dé 1,800, á já wálẹ̀ sí 900, á tún gòkè. Mẹkáníìkì kan yí súkúrúù kan lára throttle, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ méjì péré ló fi gbádùn. Epo sì ń lọ bí omi. Ẹ gbà mí.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà. Súkúrúù yẹn ni kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ó ń dùn mí. Wọn kì í fi í tún slow (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tìrótù) ṣe lára ọkọ̀ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìlẹ̀kùn kékeré inú throttle má há mọ́ ihò. Egbò àdáàjinná ni ẹni tó yí i ṣe fún yín. Kó dá a padà sí bó ṣe bá a.

Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibi tí kò yẹ wọlé ló sábà máa ń fa irú èyí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀, epo á tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì á sáré. Brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á wò ó pé ẹsẹ̀ ò sí lórí tìrótù, á gé epo. RPM á já wálẹ̀, á tún ṣí epo. Ìdí tó fi ń lọ sókè sódò nìyẹn.

Láàárọ̀ ọyẹ́, kí ẹ́ńjìnnì tútù wà ní 1,200 sí 1,500 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò burú. Tó bá gbóná tán ló yẹ kó wà ní nǹkan bíi 700 sí 800.

Ẹ kọ́kọ́ wo omi rédíétọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá. Bí omi bá dín, sẹ́ńsọ̀ lè máa rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, slow ò sì ní wálẹ̀. Ẹ wo wáyà tìrótù náà, ó yẹ kó dẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni hóòsì. Wọ́n wa ọkọ̀ kan wá bá mi láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, wọ́n ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, mo kan hóòsì róbà kékeré kan. Lójú, ó ń dán. Bí mo ṣe ká a kò báyìí, ó là bí ẹnu ẹja. Mo fi ìka dí i, RPM wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi aṣọ wé ẹnu pílíásì, kẹ́ ẹ rọra fi tẹ àwọn hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti throttle wọ ẹ́ńjìnnì) jáde pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí RPM bá wálẹ̀ lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tọ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni da bẹntiróòlù sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá ibi tó ń fẹ́. Iná ni wọ́n ń pè. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá sì le gbagidi, a jẹ́ pé ó lè jẹ́ hóòsì ńlá tó lọ sí booster, èyí tó ń bá ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe, torí ọ̀nà Èkìtì kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó ku IAC lábẹ́ throttle, fáàfù tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ slow. Èérí dúdú máa ń dì sínú rẹ̀. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi carb cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dè é padà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ tó fọ èyí tó wà lára ọkọ̀. Tí wọ́n bá tú orí bátìrì, slow lè máa ṣe ségesège díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú kan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìtan AC, kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.